Ìlédìí aláṣọ fún ìkókó ọ̀sẹ̀ 3: ó ń jò tí mo bá pọ̀n ọ́n, ó ń rùn, kì í sì í gbẹ lásìkò òjò yìí

Ìyá Tuntun Ìjàpọ̀

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin òbí. Ọmọ wa pé ọ̀sẹ̀ 3 lónìí, kílò 3.9 ni wọ́n bá a nígbà tí wọ́n wọ̀n ọ́n. Pampers 9 sí 10 ló ń lò lójúmọ́. Tí ẹ bá ṣírò rẹ̀, ó ń lọ sí bíi 300 lóṣù kan. Ìdí nìyẹn tí a fi fẹ́ bọ́ sórí aláṣọ.

Ohun tó wà nílẹ̀ ni nápìkìn funfun onígun mẹ́rin 12, pátá onírọ́bà 3, àti ìlédìí alápò 6, irú èyí tó ní bọ́tìnì ìtẹ̀ níwájú, tí wọ́n ń ki aṣọ funfun rírọ̀ bọ inú àpò rẹ̀. Aṣọ tó bá a wá, microfibre ni wọ́n kọ sí i lára.

Wàhálà tó wà níbẹ̀: alápò ń jò lẹ́bàá itan kó tó pé wákàtí kan, ó tún wá burú tí ọmọ bá wà lẹ́yìn. Nápìkìn ń rùn. Tó bá gbẹ, kò ní òórùn kankan, ṣùgbọ́n bí ọmọ bá ti tọ̀ sí i báyìí, òórùn á là. Òjò Àkúrẹ́ kò sì jẹ́ kí nǹkan kan gbẹ, ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ wà. Omi kànga là ń lò, ọwọ́ la fi ń fọ̀, iná sì ń wá nígbà tó bá wù ú.

Ìyá ọkọ mi ní kí n máa rẹ gbogbo rẹ̀ sómi, kí n sì máa sè é. Ẹlòmíì ní tí mo bá sè é, ó bàjẹ́ nìyẹn. Èwo ni ká mú?

Ìyá Ìbejì Ọbà-Ilé

Ẹ kú ewu ọmọ o. Ọlọ́run á wò ó.

Ohun tó wà lọ́wọ́ yín kò tíì tó, ibẹ̀ ni ìnira ti bẹ̀rẹ̀. Ọmọ ọ̀sẹ̀ 3 lè tọ̀ ní wákàtí kọ̀ọ̀kan, kì í sábà ju wákàtí 3 lọ. Ẹ óò pààrọ̀ ìlédìí tó ìgbà 10 sí 12 láàárín òwúrọ̀ sí òwúrọ̀ kejì. Bí ẹ bá ń fọ̀ lójoojúmọ́, 24 ló yẹ kó wà nílẹ̀: 12 lára ọmọ, 12 lórí okùn. Nígbà òjò tí aṣọ kan lè gba ọjọ́ 2 kó tó gbẹ, ẹ fi 12 mìíràn kún un. Nápìkìn onígun mẹ́rin ni kí ẹ rà kún un, ẹ má ra alápò. Ìpele kan ṣoṣo ni nápìkìn nígbà tí ẹ bá tẹ́ ẹ, afẹ́fẹ́ á gba inú rẹ̀ kọjá. Aṣọ inú alápò ki, kì í tètè gbẹ.

Pátá onírọ́bà 3 kéré. Ẹ jẹ́ kó pé 6. Kò dìgbà tí ẹ bá fọ̀ ọ́ ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá pààrọ̀ nápìkìn. Tí ìgbẹ́ kò bá kàn án, ẹ nu inú rẹ̀, ẹ fi kọ́ kí atẹ́gùn fẹ́ sí i, ẹ fi òmíràn wọ ọmọ. Ó di ìgbà tí ẹ bá lò ó bí ìgbà 3 kí ẹ tó fọ̀ ọ́.

Ní ti alápò, ẹ kó o pamọ́ ná títí ọmọ á fi tó kílò 5. Itan ọmọ ọ̀sẹ̀ 3 ṣì tín-ín-rín, ihò ẹsẹ̀ rẹ̀ á máa là sílẹ̀.

Aránṣọ Arákàlẹ̀

Mo fara mọ́ ọ̀rọ̀ iye. N kò fara mọ́ pé kí wọ́n kó alápò pamọ́. Ó ṣeé lò báyìí tí wọ́n bá mọ bí wọ́n ṣe ń fún un.

Ẹ wo iwájú alápò yẹn, ẹ óò rí ìlà bọ́tìnì 3 tó lọ sókè sísàlẹ̀. Ìlà tó wà nísàlẹ̀ pátápátá ni kí ẹ ká iwájú rẹ̀ mọ́, ó di kékeré nìyẹn. Ibi tí itan ti ya kúrò lára ikùn ni lásítíìkì yẹ kó jókòó sí, níbi tí pátá máa ń wà. Tí lásítíìkì bá wà lórí ẹran itan fúnra rẹ̀, ó máa jò. Ìka yín 2 gbọ́dọ̀ lè wọ ẹ̀gbẹ́ ìdí rẹ̀ níbi ikùn, ìka kan níbi itan. Tí aṣọ inú bá yọ orí síta lẹ́bàá lásítíìkì, kódà kó jẹ́ bí èékánná, ó ti di òwú àtùpà nìyẹn, á máa fa ìtọ̀ jáde sí aṣọ ọmọ.

Ṣùgbọ́n èyí tó ń jò lẹ́yìn ìyá rẹ̀, microfibre ló fà á. Bíi fóòmù ló rí. Ó ń fa omi kíákíá, ṣùgbọ́n tí ẹ bá fọwọ́ tẹ̀ ẹ́, omi á tú jáde. Tí ẹ bá wá fi ọ̀já so ọmọ mọ́ ẹ̀yìn, ọ̀já ń tẹ ìdí ọmọ, ìwúwo ọmọ náà ń tẹ̀ ẹ́, ibo ni omi fẹ́ gbà? Aṣọ òwú kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Kì í yára fa omi, ṣùgbọ́n èyí tó bá ti fà, ó fà á nìyẹn. Nítorí náà, ẹ kì wọ́n bọ àpò pọ̀: microfibre lókè, lápá ibi tí ìdí ọmọ wà, òwú lábẹ́ rẹ̀. Tí ẹ kò bá ní òwú tí wọ́n rán tẹ́lẹ̀, nápìkìn yín kan tí ẹ ká sí gígùn, tàbí polo àtijọ́ tó jẹ́ òwú gidi, á ṣe é.

Ẹ má jẹ́ kí microfibre kan awọ ọmọ o. Inú àpò ni kó máa wà. Ó máa ń fa omi ara awọ pẹ̀lú, awọ á gbẹ, á pọ́n.

Tí ẹ bá fẹ́ kí aránṣọ bá yín ṣe aṣọ inú, ẹ má jẹ́ kó rán ìpele 6 pọ̀ mọ́ra. Gbogbo ènìyàn ló ń béèrè fún un bẹ́ẹ̀ nítorí ó dùn ún wò, ọjọ́ 3 ló sì máa fi wà lórí okùn. Kó gé aṣọ kan ṣoṣo tó fẹ̀ tó 35 sẹ̀ǹtímítà sí 70, kó fi síígísáàgì ká etí rẹ̀. Ẹ̀yin fúnra yín lẹ óò ká a sí 6 tí ẹ bá fẹ́ lò ó, ẹ óò sì tẹ́ ẹ sílẹ̀ pẹrẹsẹ tí ẹ bá fẹ́ sá a. Kó má lo gíní tàbí bùrókéèdì, aṣọ tó dán bẹ́ẹ̀ kì í mu omi. Fúláńnẹ̀ẹ̀lì òwú tàbí aṣọ táwẹ̀lì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ló dára.

Màmá Àgbà Ìjọ̀kà

Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí ń fi ọ̀rọ̀ yìí ṣòro fún ara yín. Nápìkìn funfun kò nílò ju nǹkan 3 lọ: bọ́kẹ́ẹ̀tì olómi tí ẹ ó máa jù ú sí láti àárọ̀, ìkòkò tí ẹ ó fi sè é lọ́jọ́ kejì, àti oòrùn. Tó bá gbẹ tán, kí ẹ ká a sínú àpótí, kí ẹ fi káńfọ̀ 2 tàbí 3 sí i kí aáyán má baà wọ ibẹ̀. Aṣọ á máa ta sánsán.

Fún pípọ̀n, kí ìyá wọ ìró méjì. Ohun tí a bá pọ̀n ni yóò tọ̀ sí wa lára.

Nọ́ọ̀sì Alẹ́

Màmá, ẹ ṣeun, ẹ kú ìtọ́jú wa. Ẹ jọ̀ọ́ ma, mo bẹ̀ yín lórí káńfọ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí, ẹ má fi káńfọ̀ sí aṣọ ìkókó láéláé.

Káńfọ̀ funfun roboto tí wọ́n ń tà lọ́jà, naphthalene ló sábà máa ń jẹ́. Àwọn ọmọ kan wà tí èròjà tí wọ́n ń pè ní G6PD kò tó nínú ẹ̀jẹ̀ wọn. Ó wọ́pọ̀ ní ilẹ̀ wa, àwọn ọmọkùnrin ló sì pọ̀ jù nínú wọn. Ẹ kò lè mọ̀ ọ́n lójú lásán. Tí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ bá fa òórùn naphthalene símú, tàbí tó gba ara aṣọ wọ awọ rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ pupa ara rẹ̀ á máa fọ́. Ojú rẹ̀ á di yẹ́lò bíi pupa ẹyin adìẹ, ara rẹ̀ náà á di bẹ́ẹ̀ (ibà pọ́njú nìyẹn), tí kò bá sì tètè rí ìtọ́jú, ó lè wọ ọpọlọ. Epo tí a fi pa ọmọ lára tún máa ń jẹ́ kó tètè wọlé sí i.

Aṣọ tó bá ti wà pẹ̀lú káńfọ̀ tẹ́lẹ̀, títí kan òkìríkà àti aṣọ tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lò kù, ẹ má fi wọ ọmọ tuntun. Tó bá di dandan, ẹ fọ̀ ọ́, ẹ sá a síta fún ọjọ́ bíi mélòó kan títí òórùn á fi kúrò pátápátá, kí ẹ tún un fọ̀. Tí ojú ọmọ tàbí àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ bá di yẹ́lò bẹ́ẹ̀, ilé ìwòsàn ni lọ́jọ́ náà gan-an. Ẹ má gbé e sí oòrùn àárọ̀ kí ẹ máa dúró dè é.

Bọ́kẹ́ẹ̀tì olómi náà léwu. Ilé tí ọmọ tó ń rá tàbí tó ń tẹ̀tẹ́ bá wà, bọ́kẹ́ẹ̀tì tí omi inú rẹ̀ kò ju ìdajì lọ lè gbẹ̀mí rẹ̀. Á tẹ orí bọ̀ ọ́, kò ní lè yọ ọ́.

Aáyán? Ike tó ní ìdérí tó le á ṣe iṣẹ́ yẹn.

Màmá Àgbà Ìjọ̀kà

Ẹ ṣeun, nọ́ọ̀sì. Ti káńfọ̀ yẹn, mo gbà, ó ti parí. Ti sísè nìkan ni n kò tíì gbà.

Alágbàfọ̀ Oǹdó

Ọ̀rọ̀ Màmá kò burú lórí sísè, wọ́n kàn ń sọ̀rọ̀ aṣọ kan ni, ẹlòmíì ń sọ̀rọ̀ òmíràn. Nápìkìn funfun tó jẹ́ òwú ṣeé sè fún ìṣẹ́jú 10. Kò pọn dandan lójoojúmọ́, nítorí ó ń yára gbó aṣọ. Ẹ̀ẹ̀kan lóṣù tó, tàbí tí ọmọ bá ń ṣe ìgbẹ́ gbuuru. Ṣùgbọ́n alápò àti pátá onírọ́bà, aṣọ tí wọ́n fi rọ́bà tín-ín-rín lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn ni. Omi híhó á tú rọ́bà yẹn kúrò lára aṣọ, ẹ óò máa rí i tó ń wú bíi ìléròrò. Ibi tó bá ti wú, ó ti ń jò nìyẹn, kò ṣeé tún ṣe. Lásítíìkì rẹ̀ náà á dẹ̀. Omi tó bá gbóná jù fún ọwọ́ yín, ó ti gbóná jù fún un.

Ti rírẹ̀ sómi ni n kò gbà rárá. Ìtọ̀ tó wà nínú omi bọ́kẹ́ẹ̀tì látàárọ̀ dalẹ́ ni kòkòrò àìfojúrí ń sọ di ammonia, òórùn tó máa ń ta imú nínú ilé ìtọ̀. Gbogbo aṣọ tó wà níbẹ̀ á mu ún. Apẹ̀rẹ̀ oníhò gbígbẹ ni kí ẹ máa kó o sí, kí afẹ́fẹ́ máa wọ ọ́. Ẹ má bò ó pa.

Bí ìfọ̀ ṣe lọ nìyí, fún 12 lẹ́ẹ̀kan.

Bí ẹ bá ti bọ́ ọ kúrò lára ọmọ, èyí tó nígbẹ̀ẹ́, omi tútù ni kí ẹ fi ṣàn án lójú ẹsẹ̀. Omi gbígbóná á jẹ́ kó lẹ̀. Ìgbẹ́ ọmọ tó ń mu ọmú nìkan ń yòrò nínú omi, kò le. Tó bá dé oṣù 6 tí ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í fún un ní ògì, ìgbẹ́ á le, ẹ óò máa gbọ̀n ọ́n sí ilé ìgbẹ́ kí ẹ tó fọwọ́ kan omi. Ẹ má da omi rẹ̀ sí gọ́tà tàbí ẹ̀bá kànga. Gọ́tà Àkúrẹ́ pọ̀ tó jẹ́ odò Àlà ló ń já sí.

Ní ọjọ́ ìfọ̀, ẹ kó 12 sínú omi tútù lítà 10 láìsí ọṣẹ, ẹ yí i, ẹ fún un, ẹ da omi náà nù. Ibí yìí làwọn ènìyàn máa ń fò. Tí ẹ bá fò ó, inú ìtọ̀ lẹ ti ń fọṣọ. Lẹ́yìn náà, omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ lítà 15, ọṣẹ lẹ́búlẹ́bú ṣíbí ìjẹun 2 tó kún, ẹ yò ó sínú omi náà kó tó kan aṣọ. Ẹ jẹ́ kó wà níbẹ̀ fún 30 ìṣẹ́jú, kó má jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ fọ̀ ọ́ níkọ̀ọ̀kan, àárín rẹ̀ ni kí ẹ dojú ọwọ́ kọ. Lẹ́yìn èyí, ẹ ṣàn án nínú omi lítà 15 lẹ́ẹ̀mejì. Àpapọ̀ omi jẹ́ lítà 55, ó lé díẹ̀ ní kẹ́ẹ̀gì lítà 25 méjì. Ẹ kà á mọ́ ìnáwó tí ẹ bá ń ra omi nígbà ẹ̀ẹ̀rùn.

Ní ti òórùn tó ń là nígbà tí ọmọ bá tọ̀, nǹkan 2 ló ń fà á. Ó lè jẹ́ pé ọṣẹ kò tó, ìtọ̀ ṣì wà nínú òwú. Ó sì lè jẹ́ pé ọṣẹ ló kù sínú rẹ̀ tó ń gbé ìdọ̀tí dúró. Bí ẹ ṣe máa mọ̀ ọ́n: ẹ mú nápìkìn kan tí ẹ ti fọ̀ tó ti gbẹ, ẹ jù ú sí omi gbígbóná tí kò ní ọṣẹ, ẹ fi igi rò ó. Tó bá hó, tí omi sì ń yọ̀ lọ́wọ́, ọṣẹ ló kù. Tí kò bá hó, àmọ́ tí omi pọ́n tàbí tó rùn, ọṣẹ ni kò tó.

Bàbá Ìkókó Aláàgbàkà

Ọ̀nà tó yá ju gbogbo èyí lọ: ẹ da Hypo sí bọ́kẹ́ẹ̀tì, ẹ rẹ ẹ́ mọ́jú. Òórùn tán. Tí ẹ bá ń ṣàn án kẹ́yìn, ẹ fi omi olóòórùn dídùn tó ń mú aṣọ rọ̀ sí i, kí ó má baà gan ìdí ọmọ.

Alágbàfọ̀ Oǹdó

Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, ìmọ̀ràn méjèèjì ló máa ba aṣọ jẹ́, èyí àkọ́kọ́ tún lè ba ènìyàn jẹ́. Hypo tó bá pàdé ìtọ̀ tí a kò tíì ṣàn kúrò á mú èéfín tó ń fún ni láyà jáde. Bẹ́ẹ̀ náà ni tí ẹ bá pò ó mọ́ fínígà. Aṣọ tí a ti fọ̀ mọ́ tán nìkan la ń fi Hypo sí, òwú funfun nìkan: ìdajì agolo mílíìkì kékeré nínú omi tútù lítà 10, 30 ìṣẹ́jú péré, níta gbangba, kí ẹ wá ṣàn án títí òórùn rẹ̀ á fi tán. Tó bá sùn síbẹ̀ mọ́jú, òwú á máa já bíi bébà lẹ́yìn bí oṣù 2.

Omi tó ń mú aṣọ rọ̀ ń fi ọ̀rá bo ojú òwú ni. Ìdí tó fi ń rọ̀ nìyẹn. Ìtọ̀ tó bá dà sí i á máa yí gbirigbiri bí omi orí ewé kókò. Vaseline àti òrí náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Tí ẹ bá gbọ́dọ̀ pa ìdí ọmọ, ẹ tẹ́ àkísà òwú mímọ́ sórí nápìkìn, kí àkísà náà gba ọ̀rá, kí ẹ sì fọ̀ ọ́ lọ́tọ̀. Nápìkìn tó gan? Ẹ fi ọwọ́ méjèèjì rún un bí ẹni ń fọ aṣọ láìsí omi, á rọ̀.

Nápìkìn tuntun náà kì í mu omi, nítorí epo òwú ṣì wà lára rẹ̀. Ẹ fọ̀ ọ́, ẹ sá a gbẹ, ní ìgbà 5 sí 6 kó tó kan ọmọ. Ẹ fi ṣíbí da omi díẹ̀ sí i: tó bá rì wọlé lójú ẹsẹ̀, ó ti yá.

Bàbá Ìkókó Aláàgbàkà

Mo gbọ́. Àṣìṣe tèmi ni ti mọ́jú yẹn, ẹ má tẹ̀ lé e.

Ohun tí mo mọ̀ dájú ni omi. Ẹ kó omi kànga sínú ìgò kan, omi òjò sínú òmíràn, ẹ há ọṣẹ ọlọ́pàá (ọṣẹ gígùn tí a ń gé) díẹ̀ sí méjèèjì, ẹ mi ìgò. Tí ti kànga kò bá hó tó ti òjò, tí nǹkan funfun ń léfòó bí omi wàrà tó bàjẹ́, omi yín le. Ọṣẹ ọlọ́pàá àti ọṣẹ dúdú á máa di ìdọ̀tí funfun yẹn sára aṣọ, ọṣẹ lẹ́búlẹ́bú kì í fi bẹ́ẹ̀ ṣe é. Nígbà òjò, ẹ fi dúrọ́ọ̀mù gba omi orí òrùlé, ẹ fi òun ṣàn án kẹ́yìn. Òjò àkọ́kọ́ lẹ́yìn ọyẹ́ nìkan ni kí ẹ jẹ́ kó ṣàn lọ, eruku orí páànù ló ń fọ̀.

Ìyá Tuntun Ìjàpọ̀

Ẹ ṣeun gan-an. Mo ṣe ti omi gbígbóná, ó hó púpọ̀. Ọṣẹ ló kù nínú rẹ̀. Ọṣẹ ọlọ́pàá ni mo fi ń fọ̀ ọ́.

Ó ku gbígbẹ. Wọ́n ní eṣinṣin kan wà tó ń yé ẹyin sára aṣọ tútù, tí ìdin rẹ̀ á wá wọ ara ọmọ. Ṣé òótọ́ ni? Àbí oòrùn á pa á?

Ìyá Ìbejì Ọbà-Ilé

Òótọ́ ni. Tí ẹ bá ti lọ ayọ́ọ̀nù sí i tó gbóná, ó parí, ẹyin á kú. Iwájú àti ẹ̀yìn, kí ẹ má fo etí tí wọ́n ká rán. Tí kò bá sí iná, ayọ́ọ̀nù eléèédú. Kí aṣọ ṣì ní ìtutù díẹ̀ lára nígbà tí ẹ bá ń lọ̀ ọ́, èéfín omi gbígbóná rẹ̀ ló ń mú ooru wọ inú. Lásìkò òjò pẹ̀lú, ayọ́ọ̀nù yìí náà ló máa parí gbígbẹ tó kù.

Aránṣọ Arákàlẹ̀

Ẹ sọ fún un pé kò gbọ́dọ̀ lọ ayọ́ọ̀nù sí alápò tàbí pátá onírọ́bà o! Á yọ́ lẹ̀ mọ́ ayọ́ọ̀nù. Microfibre náà á yọ́.

Nọ́ọ̀sì Alẹ́

Ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé oòrùn nìkan. Eṣinṣin yẹn fẹ́ràn ibòji àti ohun tó tutù, aṣọ tó wà lábẹ́ igi, lórí koríko tàbí lórí ilẹ̀ iyanrìn ló ń wá. Okùn tó ga, tó wà nínú oòrùn gangan, ewu rẹ̀ kéré, kò tán.

Èyí tí kò ṣeé lọ̀, inú ilé ni kí ẹ ti sá a, níbi tí nẹ́ẹ̀tì wà lójú fèrèsé. Apá tó jẹ́ aṣọ ni kó kọjú síta, kí rọ́bà rẹ̀ má máa dojú kọ oòrùn lójoojúmọ́. Tó bá ti sùn síta, ẹ fi pamọ́ fún ọ̀sẹ̀ 2 gbáko kí ẹ tó lò ó, nítorí ìdin tí kò rí ara wọ kì í pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ kó tó kú. Tí ẹ bá rí ohun tó wú bí eéwo lára ọmọ, tó ní ojú dúdú kékeré láàárín, ẹ má fún un. Ẹ gbé e wá.

Ìlédìí aláṣọ ní ànfààní kan tí Pampers kò ní: ẹ óò mọ iye ìgbà tí ọmọ tọ̀. Láti bí ọjọ́ 6 lọ, ó yẹ kó tó 6, ó kéré tán, láàárín ọjọ́ kan. Tó bá wálẹ̀ sí 3 tàbí 4, ẹ wo bó ṣe ń mu ọmú, kí ẹ má dúró di ọ̀la.

Ìdí tó bá pọ́n, kì í ṣe aṣọ ló sábà fà á, pípẹ́ nínú ìtọ̀ ni. Ẹ máa pààrọ̀ ní wákàtí 2 sí 3 lójú mọmọ, ìgbẹ́ lójú ẹsẹ̀. Èyí tó pọ́n rokoṣo nínú ìṣẹ́po itan, tó ní wóró kéékèèké yí etí rẹ̀ ká, tí kò dín kù lẹ́yìn ọjọ́ 3, oògùn ló fẹ́. Ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá ń lo oògùn náà, sísè tí Màmá Àgbà sọ fún òwú di dandan. Ẹ má sì so ọ̀rá ìpọnmi tàbí lailọ́ọ̀nù mọ́ ọmọ nídìí dípò pátá onírọ́bà. Ó ń mú ooru, tó bá sì bọ́ síbi ojú rẹ̀, ó lè dí i nímú.

Màmá Àgbà Ìjọ̀kà

Mo ní mo mọ sísè yẹn.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ẹ ó ṣe ká nápìkìn fún ọmọ kékeré kó má jò sí i lẹ́yìn. Ẹ ká a sí méjì, ẹ tún un ká sí méjì, ó di onígun mẹ́rin kékeré, ìpele 4. Ẹ mú ṣónṣó ìpele òkè nìkan, ẹ fà á lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kejì títí tó fi di onígun mẹ́ta. Ẹ dojú gbogbo rẹ̀ bolẹ̀. Apá tó ṣì jẹ́ onígun mẹ́rin, ẹ ká a wálé lẹ́ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹ́ta títí tó fi dé àárín. Ibi tó ki yẹn ló máa gba abẹ́ ọmọ kọjá, apá méjèèjì tó kù á yí ìdí rẹ̀ ká wá síwájú. Ọmọkùnrin, ẹ dojú nǹkan rẹ̀ kọ ìsàlẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ikùn ni yóò tọ̀ sí. Ọmọ tí ìwọ́ rẹ̀ kò tíì já, ẹ ká iwájú rẹ̀ sísàlẹ̀ ìwọ́.

Píìnì kan níwájú tó, ní ìbú, kó má dúró lóòró. Ìka yín ni kó wà láàárín píìnì àti awọ ọmọ nígbà tí ẹ bá ń gún un. Tí ẹ bá fẹ́ pọ̀n ọ́n, ikùn rẹ̀ ló máa lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn yín, nítorí náà ẹ fi píìnì 2 sí ẹ̀gbẹ́ ìdí, ẹ má fi ọ̀kan síwájú.

Ìyá Tuntun Ìjàpọ̀

Mo dúpẹ́, ma. Mo ká a bẹ́ẹ̀, ó jókòó dáadáa. Mo fẹ́ ra nápìkìn 12 sí i àti pátá onírọ́bà 3 ní Ọjà Ọba. Ìbéèrè ìkẹyìn: òru ńkọ́? Ọ̀sẹ̀ 3 sí i, a máa gbé e lọ gba abẹ́rẹ́ ọ̀sẹ̀ 6, báwo la ṣe máa gbé ìlédìí tútù padà wálé?

Ìyá Ìbejì Ọbà-Ilé

Òru, nápìkìn 2 tí ẹ ká pọ̀, pátá onírọ́bà lórí rẹ̀, kí ẹ pààrọ̀ nígbà tó bá jí mu ọmú. Tí Pampers kan bá wà fún òru nìkan, 30 lóṣù ló jẹ́ dípò 300, kò sí ohun tó burú níbẹ̀. Fún ìrìnàjò, lailọ́ọ̀nù méjì tí ẹ fi bọ ara wọn, ẹ so ó. Bí ẹ bá ti délé, ẹ tú u sínú apẹ̀rẹ̀, kó má sùn síbẹ̀.

Nọ́ọ̀sì Alẹ́

Ọjọ́ abẹ́rẹ́ ọ̀sẹ̀ 6, itan ni wọ́n máa gún un sí. Ẹ lo nápìkìn píìnì lọ́jọ́ náà, kí pátá onírọ́bà rẹ̀ gbà á láyè, kí lásítíìkì má tẹ ojú abẹ́rẹ́. Ẹ mú 4 dání, ilé ìwòsàn máa ń pẹ́.